Ṣé Mẹ́ta Àtààbọ̀ Ni, àbí Mẹ́ta àti Ìdámẹ́rin? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lẹ́nu Ìdánrawò Ìkọ́ni

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí gbà nínú kíláàsì. Àríyànjiyàn tó bí gba ọ̀sán méjì gbáko ní yàrá ìpàdé wa, kò sì tíì tán títí di òní. Iṣẹ́ mi ni láti ṣètò bí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa ṣe máa lọ sí ilé-ìwé fún ìdánrawò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TP, kí n sì lọ bẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní sọ ilé-ìwé tó jẹ́. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe níbẹ̀, àtèmi náà.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní ọdún àṣekágbá. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò dára, èyí tó gbà nínú ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé tún dára jù ú lọ. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé-ìwé náà, ó sì ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ̀ títí TP fi máa ń parí. Nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe jókòó. Èmi ni mo kà á, tí mo buwọ́ lù ú, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tí mo sì fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé máàkì mẹ́jọ yẹn.

Pínpín ìdá pẹ̀lú ìdá ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Àpẹẹrẹ tó gbé kalẹ̀ ni 1¾ ÷ ½.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó rán àwọn ọmọ létí bí wọ́n ṣe ń sọ 1¾ di 7/4. Lẹ́yìn náà ló sọ òfin náà fún wọn: fi ti iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, sọ àmì pínpín di àmì ìsọdipúpọ̀, kí o wá dojú ti ẹ̀yìn délẹ̀. ½ di 2/1. 7/4 × 2/1 di 14/4, 14/4 di 3½. Àwọn ọmọ kà á tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń kọrin. Olùkọ́ kíláàsì tó jókòó tì mí mi orí sí mi pé ó ń lọ geere.

Ó wá mú okùn jáde. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí okùn náà ṣe débẹ̀. Fọ́ọ̀mù nóòtì ẹ̀kọ́ wa ní àyè tí wọ́n ń kọ ohun èlò ìkọ́ni sí, máàkì méjì ló sì wà fún un. Ẹni tó bá fi àyè náà sílẹ̀ lófo ti pàdánù máàkì méjì. Nítorí náà, ó kọ “okùn, rúlà, àlùmọ́gàjí” síbẹ̀, ó sì mú wọn wá bó ṣe kọ ọ́. Òfin ti wà lójú pátákó kí okùn tó jáde. Èrò rẹ̀ ni pé okùn á wá jẹ́rìí sí òfin.

Ó ní kí ọmọkùnrin kan bọ́ síwájú kó wọn mítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ náà wọ̀n ọ́n, ó pé. Ó ní kó máa gé e ní ìdajì mítà, ìdajì mítà. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Díẹ̀ ṣẹ́kù. Ó ní kó wọn èyí tó ṣẹ́kù. Ìdámẹ́rin mítà ni.

Ọmọ náà wo pátákó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní: “Àǹtí, mẹ́ta àti ìdámẹ́rin ni. Kí ló dé tí pátákó ní mẹ́ta àtààbọ̀?”

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ gba okùn náà, ó fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìdámẹ́rin náà ni. Ó yíjú sí pátákó, ó tún un ṣírò láti òkè délẹ̀, mẹ́ta àtààbọ̀ náà ni. Ó ní, “Ó lè jẹ́ pé a ò gé e dọ́gba ni.” Ọmọ náà ní, “Ó dọ́gba, Àǹtí,” ó sì to ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó dọ́gba lóòótọ́. Ibi tó ti ń wá ohun tó máa sọ ni ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti na ọwọ́ sókè: “Àǹtí, ṣebí tí a bá pín nǹkan, ó máa ń kéré sí i ni? Báwo ni 1¾ ṣe wá di 3½?”

Ìbéèrè méjì, wọn ò sì jọra, láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo rí òógùn níwájú orí rẹ̀. Ó kó okùn náà sórí tábìlì, ó ní: “Ohun tó wà lójú pátákó ni kí ẹ kọ. Òfin nìyẹn.” Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí mo ń jáde lọ, mo bẹjú wo ìwé ọmọkùnrin náà. 3½ ló kọ sí ibi ìdáhùn. Ó tún kọ 3¼ kékeré sí etí ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù, ó fà á nílà yí ká.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ohun tí okùn náà ń sọ rèé. Nígbà tí a pín 1¾ pẹ̀lú ½, ìbéèrè tí à ń bèèrè ni pé: ègé onídajì-mítà mélòó ló wà nínú rẹ̀? Mẹ́ta pé. Èyí tó kù jẹ́ ìdámẹ́rin mítà, ṣùgbọ́n tí a bá fi wé ègé kan, ìdajì ègé ni. Òun ló fi jẹ́ mẹ́ta àtààbọ̀. Ọmọ náà ka ègé, ó ka ègé, ó ka ègé, nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ó fi mítà kà á. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Ohun tó ń kà ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́ láìfura, gbólóhùn kan ló sì kù kó fi rí i.

Yàrá ìpàdé

Olùkọ́ kíláàsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ló sì ni kíláàsì. Ó ní kò sóhun tó ṣe ọmọ yìí ju pé ojú rẹ̀ kò tíì là. Ẹnu iṣẹ́ la ti ń kọ́ iṣẹ́. Ó ní kí a yé dí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí a jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ ní kíláàsì láti ọdún àkọ́kọ́, pé sùúrù àti ọjọ́ orí ló ń sọ ènìyàn di tíṣà. Èrò yìí wọ́pọ̀, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo wá bi í pé, “Mà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọmọ yẹn bi, kí lẹ ò bá sọ?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èmi? N ò lè gbé okùn wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé okùn máa ń dá wàhálà sílẹ̀.”

Mo kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi kọ́ni, ohun tí ọdún mẹ́rìndínlógún sì kọ́ ọ nípa ìbéèrè ọmọ yẹn ni bí yóò ṣe ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò fi ní bi í. John Dewey, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ọ̀ràn yìí ní 1904. Ó ní ọ̀nà méjì ni ìdánrawò lè gbà: a lè lò ó bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń lo ọmọ iṣẹ́, kó lè tètè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é; a sì lè lò ó bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń lo yàrá ìṣèwádìí, kó lè máa ronú sí ohun tó ń rí. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ẹni tí a bá tètè tì sẹ́nu iṣẹ́ kó máa kápá kíláàsì lè mọ ọ́n ṣe lónìí, kó sì ti fi agbára àtidàgbà sí i lọ́la san owó rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń fojú kéré olùkọ́ kíláàsì yìí o. Ẹ máa rí ohun tó ṣe láìpẹ́.

Olùkọ́ ìlànà ìkọ́ni láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní tirẹ̀ kò gbà pé ọ̀rọ̀ ìrírí ni. Ó ní ìlànà ni akẹ́kọ̀ọ́ náà rú: ohun tí a lè fọwọ́ bà ló yẹ kó ṣáájú, kí òfin tẹ̀ lé e. Okùn ni ì bá kọ́kọ́ mú jáde. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ká ní okùn ló ṣáájú, ṣé ìdámẹ́rin mítà kò ní ṣẹ́kù ni? Ọmọ náà á kàn bi ìbéèrè rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìgbà tó bi í ni.

Olùkọ́ ìṣirò wa ló le jù. Ọ̀gá ni fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gbóná. “Kò mọ ìṣirò. Ẹ yé e bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi kọ́ọ̀sì ìṣirò méjì kún ètò ẹ̀kọ́ wọn.” Ó fi Finland ṣe àpẹẹrẹ, níbi tó ti jẹ́ láti 1979 pé olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba oyè kejì ní yunifásítì kó tó gba kíláàsì tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá ti pe Finland nínú ìpàdé wa, oyè ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà, wọn kì í mẹ́nu ba àwọn ilé-ìwé tí yunifásítì ibẹ̀ fúnra wọn ní fún ìdánrawò, tó jẹ́ pé ara iṣẹ́ olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ni láti máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ sọ́nà.

Mo wá ṣe ohun kan tí n kì bá tí ṣe tí inú kò bá bí mi díẹ̀. Mo pín bébà fún gbogbo wa, àwa méje. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn kékeré kan tí ìdáhùn rẹ̀ á béèrè fún 1¾ ÷ ½. Ìtàn lásán, gbólóhùn méjì. Mẹ́ta nínú wa kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹnì kan dá bébà padà lófo, ó ní ojú ń dun òun. Àwọn mẹ́ta tó kù kọ pé wọ́n pín okùn fún ènìyàn méjì lọ́gbọọgba. Ìyẹn ti di pínpín pẹ̀lú 2, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 7/8. Èmi wà lára àwọn mẹ́ta yẹn. Mo ní oyè nínú iṣẹ́ yìí, mo sì kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé mo ti kọ ìtàn ìṣirò mìíràn.

Ó tù mí nínú díẹ̀ pé a kò dá wà. Liping Ma, olùwádìí nípa ìkọ́ni ìṣirò, gbé irú ìbéèrè yìí gẹ́lẹ́, 1¾ ÷ ½, síwájú olùkọ́ mẹ́tàlélógún ní Amẹ́ríkà àti méjìléláàádọ́rin ní Ṣáínà, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1999. Nínú àwọn mọ́kànlélógún tó gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án ló rí ìdáhùn tó pé. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́tàlélógún ló kọ ìtàn tó bá ìtumọ̀ rẹ̀ mu. Ní Ṣáínà, gbogbo wọn ló ṣírò rẹ̀ tọ́, márùndínláàádọ́rin sì kọ ìtàn tó bá a mu. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí, tí mo sì kà fún ọ̀gá wa olùkọ́ ìṣirò, ni pé iye ọdún tí àwọn olùkọ́ Ṣáínà yìí lò nílé-ìwé kéré sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà: ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, nígbà tí àwọn wọ̀nyí lo ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ọ̀sì púpọ̀ nìkan kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí Lee Shulman, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ní 1986 ni pé ìmọ̀ iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ti olùkọ́ nìkan: kí ènìyàn mọ ìdá kò tíì tó, kó mọ ọmọdé kò tíì tó, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ìdá ṣe máa ń rí lójú ọmọdé àti ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ ọn lójú.

Ọ̀gá wa dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Kọ́ọ̀sì kan, nígbà náà.”

Ọ̀gá ilé-ìwé kò pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn ni iṣẹ́ olùkọ́, pé wọ́n máa ń bí i mọ́ ènìyàn ni, ẹni tó bá ní in kì í dákẹ́ níwájú ọmọ. Mo bi í bóyá kí a pa kọ́lẹ́ẹ̀jì tì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé kò kà á sí àwàdà púpọ̀.

Ẹni tí a bi kẹ́yìn

Bí a ti máa ń ṣe, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn la bi kẹ́yìn. Ó ti jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì látàárọ̀. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ wọn. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ yín wà lórí mi, mo lè sọ ọ́ fún yín báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn bi mí, ohùn tíṣà tó kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré ni mo gbọ́ tó jáde lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún wa. Òfin nìyẹn.”

N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ti sọ ohun tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dan Lortie, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Chicago, ti ṣírò rẹ̀ ní 1975 pé kí ènìyàn tó jáde ní ilé-ìwé gírámà, yóò ti fi nǹkan bí wákàtí 13,000 wo olùkọ́ níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi wákàtí 13,000 wo dókítà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lọ kọ́ ìṣègùn. Ẹni tó wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ti ń kọ́ ọ láti kékeré, àmọ́ láti orí ìjókòó akẹ́kọ̀ọ́ ni: ó rí tíṣà tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ nǹkan sójú pátákó, kò rí ohun tí tíṣà rò kó tó yan ọ̀rọ̀ tó sọ. Ìdánrawò tiwa jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjìlá dojú kọ wákàtí 13,000, kí ẹ wo èyí tó máa sọ̀rọ̀ nígbà tí òógùn bá bo ojú.

Máàkì mẹ́jọ

Ó kàn mí wàyí. Mo tún nóòtì ẹ̀kọ́ tí mo fún ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kà. Èròǹgbà ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ohun èlò wà, ìgbésẹ̀ olùkọ́ wà, ìgbésẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà, ìgbéléwọ̀n wà. Lábẹ́ ìgbésẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó kọ pé: “Àwọn ọmọ tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè.” Mo ti fi àmì dáadáa síwájú gbólóhùn yẹn. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti fi àmì dáadáa síwájú rẹ̀ lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi wá ohun tí a gbà gbọ́ nípa bó ṣe yẹ kí a múra olùkọ́ ọ̀la sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn wà lẹ́nu wa, ó sì wà lára ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ ohun tí a gbà gbọ́ gan-an wà nínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń fún wọn ní máàkì. Fọ́ọ̀mù náà ní máàkì méjì fún okùn, kò ní ẹyọ kan fún ohun tí ọmọ lè sọ nígbà tó bá rí okùn. Àwọn olùkọ́ ní Japan tó ń ṣe jugyō kenkyū, ìyẹn kí àwọn olùkọ́ jọ máa ṣèwádìí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni, máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un nínú nóòtì wọn: ìdáhùn tí wọ́n rò pé àwọn ọmọ á mú wá, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, àti ohun tí olùkọ́ á ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á jọ jókòó kọ nóòtì ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn yòókù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ojú wọn á sì wà lára àwọn ọmọ ju olùkọ́ lọ.

Àwa náà ní tiwa tí a ń pè ní micro-teaching, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Stanford ní 1963: ẹ̀kọ́ kúkúrú, ọmọ díẹ̀, kí wọ́n ká a sínú fídíò, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n tún un kọ́. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ọmọ níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló máa ń ṣe bí ọmọdé. Ọmọdé tó ní ìwà jù lọ láyé ni wọ́n. Kò sí ẹni tó ń béèrè kí ló dé, nítorí pé òun ló kàn láti bọ́ síwájú.

Ẹ̀ẹ̀kejì

Ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, àwa mẹ́rin jókòó: akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, olùkọ́ kíláàsì, ọ̀gá wa olùkọ́ ìṣirò, àtèmi. Okùn wà lórí tábìlì. Ọ̀gá wa ló ṣe ọmọkùnrin náà, ó sì ṣe é dé góńgó. Ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ, á ní, “Ṣùgbọ́n ìdámẹ́rin ni mo rí, Àǹtí.” Akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé pẹ̀lú òfin, ọ̀gá wa kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán, ọ̀gá wa ní òun ṣì rí ìdámẹ́rin. Ó tó ìṣẹ́jú ogójì kí ó tó yé akẹ́kọ̀ọ́ náà pé òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ, pé ìdámẹ́rin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àti pé tí òun bá ń jà pẹ̀lú ohun tí ojú ọmọ rí, òun ò ní borí.

Olùkọ́ kíláàsì ló já okùn ọ̀rọ̀. Ó ti dákẹ́ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Mo mọ ọmọ yẹn. Tí ẹ bá sọ fún un pé kò gbà á, á pa ẹnu dé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ ní kó mú èyí tó ṣẹ́kù, kó gbé e tì ègé kan tó pé, kó sọ ohun tó rí.” Òun náà ló ní okùn máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìrírí tó kọ́ ọ láti sá fún ìbéèrè náà ló tún kọ́ ọ ní ohun tí kò sí nínú kọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni wa nípa ẹni tó bi í. Ká ní a kò pè é síbi tábìlì yẹn, a ò bá máa ya àwòrán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ padà sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì. Ó pe ọmọkùnrin náà, ó ní kó ka ohun tó kọ sí etí ìwé rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ náà lọ́ra, ó wá kà á. Ó gbé èyí tó ṣẹ́kù tì ègé tó pé. “Ìdajì ni, Àǹtí.” “Ìdajì kí ni?” Ó ronú. “Ìdajì… ègé.” Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, “Háà, ó ka mítà mọ́ ègé ni!” Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó pẹ́ lójú mi. Ìdákẹ́ yìí kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé lè má mọ ìyàtọ̀ wọn.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu o. Ó tún gbé 2 ÷ ¾ fún wọn. Wọ́n gé okùn mítà méjì ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó di ègé méjì, ìdajì mítà ṣẹ́kù, bí ìdajì kíláàsì sì pariwo pé méjì àtààbọ̀. Wọ́n ti kọ́ pé èyí tó bá ṣẹ́kù, ààbọ̀ ni. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 2⅔, nítorí ìdajì mítà jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ègé kan níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ dúró ná. Ààbọ̀ kí ni?” Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agogo lù wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọn kò dé ibi ìgbéléwọ̀n, ìbéèrè ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ó dìde bá Àǹtí níwájú, ó ní òun ò tíì gbọ́ ìdáhùn tòun.

Mo jókòó láti fún un ní máàkì. Fọ́ọ̀mù béèrè bóyá ẹ̀kọ́ parí lákòókò: rárá. Bóyá ìgbéléwọ̀n wáyé: rárá. Bóyá olùkọ́ ṣàkópọ̀ ẹ̀kọ́: rárá. Bóyá kíláàsì wà létòlétò: díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, máàkì ẹ̀kọ́ kejì fi méje kéré sí ti ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo buwọ́ lù ú, nítorí n kò ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Mo so bébà kan mọ́ ọn tí mo fi ṣàlàyé ohun tí mo rí. Wọn kì í ka bébà tó bá so mọ́ fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ìdánwò.

Ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n gbà kí a fi ìlà kan kún nóòtì ẹ̀kọ́, lábẹ́ ìgbésẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́: “Kí ni ọmọ kan lè sọ níbí, kí sì ni o máa ṣe?” Máàkì méjì, bíi ti okùn. Ọ̀gá wa ṣì ń béèrè kọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ti wà lórí ìwé ètò ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti ka nóòtì mẹ́tàlélógún báyìí. Ó ju ìdajì wọn lọ tó kọ pé, “Ọmọ lè sọ pé kò yé òun. Màá tún un ṣàlàyé.” Àwọn méjì kọ ọ́ pẹ̀lú àṣìṣe àmì ohùn kan náà, ní ibì kan náà. Mo dá wọn padà. Ẹnì kan kọ pé: “Ọmọ lè sọ pé 0.35 ju 0.4 lọ, nítorí pé 35 ju 4 lọ.” Ibi tó yẹ kó kọ ohun tó máa ṣe sí, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó pa wọ́n rẹ́, ó tún kọ méjì, ó tún pa wọ́n rẹ́. Mo ní kó wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti ní kí olùkọ́ kíláàsì náà wá.